Ẹ bi kòkòrò inú odò léèrè: bí ẹ ṣe lè fúnra yín mọ̀ bóyá ara odò àdúgbò yín dá

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn àdúgbò tí mo gbé dàgbà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a bá ṣí òkúta níbẹ̀, akàn á sá jáde, àwa náà á máa lé e kiri. Nígbà tó yá, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn ará àdúgbò dáwó jọ, wọ́n bu omi sínú ike, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èsì dé, wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó burú nínú rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí odò ọ̀hún kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní omi ni wọ́n lọ bi léèrè, wọn ò bi akàn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti rí akàn kẹ́yìn níbẹ̀.

Ohun tí a wá mọ̀ nígbẹ̀yìn ni pé òru ni àwọn kan ń da ìdọ̀tí sómi, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, odò ti gbé e lọ. Ike omi tí èèyàn bù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n akàn, ìṣáwùrú, ọmọ lámilámi àti oríṣiríṣi ìdin tó ń gbé abẹ́ òkúta kò ríbi sá lọ. Ohun tó bá wọ omi lóru, orí wọn ló gbà kọjá. Àwọn míì nínú wọn ń lo oṣù mélòó kan nínú omi kí wọ́n tó yọ ìyẹ́ fò jáde. Tí ẹ bá ti mọ ẹni tó wà nílé, tí ẹ sì mọ ẹni tó yẹ kó wà nílé tí ẹ ò bá a, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe odò náà láti ìgbà pípẹ́ wá.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní Jámánì, Kolkwitz àti Marsson ti to àwọn ewéko àti ẹranko tó ń fi bí omi ṣe dọ̀tí tó hàn sínú ìwé ní 1908 àti 1909. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ṣe ti odò tiwọn, wọ́n pè é ní SASS, wọ́n sì tún gé e kúrú fún ará ìlú, fún àgbẹ̀ àti ọmọ iléèwé, wọ́n sọ ìyẹn ní miniSASS. Ẹ̀yà mẹ́tàlá péré ni miniSASS ní kéèyàn dá mọ̀. Kò béèrè maikirosíkóòpù, kò béèrè dígíríì. Òun ni n óò tẹ̀ lé níbí, n óò sì máa sọ ibi tó yẹ kí a ti yà díẹ̀ nítorí odò tiwa.

Ohun tí ẹ óò kó dání

Àwọ̀n ni olórí irinṣẹ́. Ẹ wá wáyà háńgà aṣọ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lọ́ wọn pọ̀ kí wọ́n má baà tẹ̀, ẹ ká a sí onígun mẹ́rin tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ sì dè é mọ́ igi mọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà, ẹ rán nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn bí àpò. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, èyí tí kápẹ́ńtà máa ń kàn mọ́ fèrèsé kí ẹ̀fọn má baà wọlé, ló dára jù. Ojú rẹ̀ kéré tó láti dá ìdin dúró, ó sì fẹ̀ tó láti jẹ́ kí ẹrẹ̀ jò jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé nẹ́ẹ̀tì ibùsùn tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ṣe é rí. Lọ́jọ́ náà, àwọ̀n mi kó ọmọ lámilámi méjì àti kòkòrò onírù mẹ́ta bíi mẹ́wàá, inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Mo dà wọ́n sínú abọ́, mo ní kí n wá pẹ́ńsù. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti ń gbọ̀n pìpì, nígbà tó sì ṣe díẹ̀, wọ́n kú. Oògùn apẹ̀fọn tó wà lára nẹ́ẹ̀tì náà ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Oògùn yẹn ò mọ ẹ̀fọn yàtọ̀ sí kòkòrò míì. Èmi tí mo ní mo fẹ́ tọ́jú odò ni mo fọwọ́ ara mi ṣan oògùn sínú rẹ̀.

Ẹ tún mú abọ́ ike tó fẹ̀ dání, kó jẹ́ funfun, torí nínú abọ́ aláwọ̀, ẹ ò ní rí ìdin tó jọ erùpẹ̀. Ẹ mú ṣíbí ike, ike bọ́tà tó ti ṣófo méjì mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fún ohun tó bá lẹ̀ mọ́ òkúta, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá tàbí fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ ríran dáadáa. Ìwé àti pẹ́ńsù. Báírò kò dáa, tí omi bá ti kàn án, gbogbo iṣẹ́ á di ẹlẹ́bọ. Bàtà òjò tó dé orúnkún àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í ṣe àṣejù, ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ omi

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí àwọn tó ni odò. Nílẹ̀ Yorùbá, odò tí kò léèwọ̀ kò pọ̀. Ibòmíì, wọn kì í pẹja níbẹ̀; ibòmíì, ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í dé etí omi. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni ẹja pípa. Tí baálẹ̀ tàbí ìyá tó ń bọ odò bá ní kí ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ń rí níbẹ̀ nígbà èwe tí wọn ò rí mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti sàn fún mi ju wákàtí méjì pẹ̀lú àwọ̀n lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àtọ̀sí ajá. Ìṣáwùrú omi kan ló máa ń gba aràn rẹ̀ sílé. Aràn náà á lúwẹ̀ẹ́ jáde lára ìṣáwùrú, á sì gba awọ ara èèyàn wọlé láìjẹ́ kó mọ̀. Ọ̀sán gangan tí oòrùn bá mú ló máa ń jáde jù. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì tètè fi aṣọ gbígbẹ nu ibi tí omi bá kàn lára yín. Níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ pé àtọ̀sí ajá wà, ẹ má kó ọmọdé wọ omi rárá. Ẹ kó wọn jókòó ti abọ́ létí odò, iṣẹ́ dídá kòkòrò mọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó gba ilé ìwòsàn lọ, oògùn tó ń jẹ́ praziquantel máa ń kápá rẹ̀.

Ẹ má dá lọ. Ẹ má wọ omi tó bá kọjá orúnkún. Tí òkè odò bá ṣú, ẹ jáde, bí ibi tí ẹ wà tiẹ̀ mọ́ kedere, torí òjò ibòmíì ni àgbàrá máa ń gbé wá bá èèyàn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìgbà wo, ibo?

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, bí odò náà kì í bá gbẹ. Lójò, àgbàrá máa ń gbá kòkòrò lọ, ẹ óò sì rò pé ìdọ̀tí ló pa wọ́n. Tí omi bá ti kún àkúnya, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó di pé ẹ lọ.

Ojú ibì kan kò tó. Èyí ni àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ. Ká ní ibùdó gààrí kan wà létí odò, tí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ ní májèlé sáyánáìdì, ó sì ń mú afẹ́fẹ́ inú omi tán. Tí ẹ bá yẹ ìsàlẹ̀ ibùdó náà nìkan wò, tí ẹ ò rí nǹkan kan, kí lẹ fẹ́ wí? Bóyá odò náà ti burú kó tó dé ibẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ yẹ òkè rẹ̀ wò, bíi ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sókè, kí ẹ sì yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Bákan náà ni fún odò ẹran, ọgbà mẹkáníìkì, ibi tí wọ́n ti ń pa aró àti ilé ìlapákó.

Ibi méjèèjì gbọ́dọ̀ jọra. Tí ti òkè bá jẹ́ ibi olókùúta tí omi ti ń sáré tó ń hó, kí ti ìsàlẹ̀ náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ibi olókùúta wé ibi ẹlẹ́rẹ̀. Ẹ má sì fi ibi tí wọ́n ti dà kọnkéré sí wé ibikíbi. Lẹ́yìn omíyalé 1980 ní Ìbàdàn, wọ́n fi kọnkéré gbá odò Ògùnpa mọ́ra ní apá ibi tó pọ̀. Kò sí òkúta tí kòkòrò lè sá sábẹ́ rẹ̀ nínú irú ojú omi bẹ́ẹ̀, bí omi ibẹ̀ tilẹ̀ mọ́ bíi ti orísun.

Bí ẹ óò ṣe mú wọn

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni àwọ̀n yóò lò nínú omi níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fóònù ka á, kí ti òkè má baà gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Ẹ dúró sínú omi, kí ẹ kọjú sí ibi tó ń ṣàn lọ, kí ẹ fi ẹnu àwọ̀n lé ilẹ̀ níwájú yín, kó kọjú sí yín. Ẹ fi ẹsẹ̀ ru òkúta àti iyanrìn tó wà láàárín yín àti àwọ̀n sókè. Omi fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ohun tó bá ṣí kúrò wọnú àpò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí òkúta bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì pa wọ́n lára sínú àwọ̀n, kí ẹ sì dá òkúta kọ̀ọ̀kan padà bó ṣe wà. Ẹ wá bọ́ sí etí omi, níbi tí koríko ti tẹ̀ wọnú odò, kí ẹ fi àwọ̀n gún abẹ́ rẹ̀ lọ gún un bọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ lámilámi àti edé máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ fi ìṣẹ́jú tó bá kù gbo iyanrìn àti ẹrẹ̀.

Ẹ bu omi odò náà tó mọ́ sínú abọ́ funfun, ẹ yí àwọ̀n padà sínú rẹ̀, kí ẹ gbé abọ́ sábẹ́ òjìji. Ní báyìí, ẹ dúró. Ẹ má ru ú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìdọ̀tí lásán ni gbogbo rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dà bí: ewé jíjẹrà, igi wẹ́wẹ́, iyanrìn. Tó bá tó ìṣẹ́jú kan, ewé kan á ṣí nídìí. Ègé igi kan tó gùn tó ìdajì ìka ọwọ́ ìkókó á yọ orí, á yọ ẹsẹ̀ mẹ́fà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ilé rẹ̀ káàkiri abọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan pariwo débi pé ó da abọ́ nù. A tún padà sínú omi.

Ta ni wọ́n?

Máàkì tí miniSASS fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni n óò máa dárúkọ. Bí máàkì bá ṣe ga tó ni ẹni náà ṣe kórìíra ìdọ̀tí tó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkòrò tí òyìnbó ń pè ní mayfly, torí òun ni àyẹ̀wò yìí gbára lé jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ní ìrù mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, nígbà míì méjì. Ohun tó fi ń mí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó rí bí ewé kéékèèké, tí ẹ bá sì fi awò wò ó, ẹ óò rí i tó ń fì wọ́n bí ẹni ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí omi burúkú tètè pa á nìyẹn: ìta gbangba ló gbé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ ẹja, tó ń ta fíú láti ìhín sí ọ̀hún, máàkì 5 ni. Gbogbo àwọn yòókù, tó tẹ́jú pẹlẹbẹ lórí òkúta tàbí tó ń rákò, máàkì 11. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ fún un ní 5.

Èyí tó ga jù ni stonefly, máàkì 17. Ìrù méjì péré ló ní, èékánná méjì sì wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò ní abẹ̀bẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Bíi pé irun hù lábẹ́ abíyá rẹ̀ ni yóò rí. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ní Gúúsù Áfíríkà, oríṣi wọn pọ̀ díẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, àwọn tó ń jẹ́ Neoperla nìkan ló wà. Odò tiwa lè dá ṣáká kí ẹ má rí ọ̀kan. Tí ẹ bá rí i, ẹ yọ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ má tìtorí rẹ̀ dá odò lẹ́bi.

Caddisfly, máàkì 9, ni onílé inú abọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ jọ kòkòrò inú ẹ̀fọ́, ẹsẹ̀ mẹ́fà wà nítòsí orí, ìwọ̀ méjì wà nídìí. Àwọn kan nínú wọn ń fi iyanrìn tàbí ègé ewé kọ́lé sí ara, wọ́n ń gbé e kiri. Àwọn míì kì í kọ́lé, àwọ̀n ni wọ́n ń ta sáàárín òkúta bí apẹja, kí omi máa gbé oúnjẹ wá bá wọn.

Akàn àti edé, máàkì 6. Ọmọ lámilámi náà, máàkì 6. Gbogbo wa la mọ lámilámi tó ń fi ìdí kan omi lójú afẹ́fẹ́. Ẹyin ló ń yé. Ọmọ rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá: ó sanra, ojú rẹ̀ ràgàjì, ó sì ká ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. Tí ìdin kan bá kọjá níwájú rẹ̀, ètè náà á ta jáde bí ọwọ́, á sì mú un. Tí ẹ bá fi ṣíbí tọ́ ọ, á fi ìdí tu omi jáde, á sì ta síwájú. Lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó máa ń pa ìyẹ́ dé tó bá bà, ọmọ tiẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ohun mẹ́ta bí ewé nídìí. Máàkì 4.

Kòkòrò ẹlẹ́yìn líle àti àwọn tó ń rìn tàbí tó ń pòòyì lójú omi, máàkì 5 ni gbogbo wọn pọ̀. Ìṣáwùrú, 4. Aràn pẹlẹbẹ tó ń yọ́ lọ lábẹ́ òkúta bí omi ọ̀gẹ̀dẹ̀, 3. Ekòló omi, 2. Eṣúṣú, tó ń rìn bí ẹni ń fi ìka wọn aṣọ, 2.

Èyí tó kù ni ìdin eṣinṣin, máàkì 2, ọ̀pọ̀ aládùúgbò ló sì wà nínú ilé yìí. Tanwíjí wà níbẹ̀. Ìdin pupa bí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tó ń yí ara rẹ̀ bí ẹni tí ikùn ń run. Pípupa yẹn kì í ṣe ẹwà o. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wa pọ́n ló wà lára òun náà, òun ló fi ń di ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù nínú omi ìdọ̀tí mú. Ìdin kan tún wà tó ní ìrù gígùn bí ìrù eku. Ìrù yẹn ni imú rẹ̀, ó ń nà án sójú omi láti mí. Tí ìyẹn bá pọ̀, omi ṣáláńgá ni ẹ dúró sí. Ọmọ amùkúrù náà wà nínú ẹ̀yà yìí, ó ń lẹ̀ mọ́ òkúta níbi tí omi ti ń sáré, ó rí bí ìgò kékeré. Níbi yìí, mo rò pé miniSASS rẹ́ ẹ jẹ díẹ̀, torí omi tó ń sáré tó sì ní ọ́síjìn ló ń fẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, 2 ni. Ẹ ṣọ́ra níbi tó bá ti pọ̀, amùkúrù tó bá dàgbà ló ń gbé aràn inárun kiri.

A kì í ka lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, a kì í ka aláǹtakùn, a kì í sì í ka ẹja. Ẹja ló máa ń tan àwọn èèyàn jù: wọ́n á ní odò yìí dáa, àrọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ó máa ń yọ ẹnu sójú omi gbé e mì. Odò á ti kú tán, àrọ̀ á ṣì máa gbé inú rẹ̀.

Ìṣirò

Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ óò kà á, ì báà jẹ́ ọ̀kan lẹ rí tàbí igba. Ẹ ro máàkì pọ̀, kí ẹ fi iye ẹ̀yà pín in.

Ká ní ní òkè ibùdó gààrí, ẹ rí akàn 6, mayfly bí ọmọ ẹja 5, mayfly mìíràn 11, caddisfly 9, ọmọ lámilámi 6, lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ 4, kòkòrò ẹlẹ́yìn líle 5 àti ìṣáwùrú 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50, ẹ̀yà mẹ́jọ, ẹ pín in, 6.25. Ní ìsàlẹ̀, ẹ rí ekòló 2, eṣúṣú 2, ìdin eṣinṣin 2, kòkòrò ẹlẹ́yìn líle 5 àti ìṣáwùrú 4. Àpapọ̀ 15, ẹ̀yà márùn-ún, 3.

Ní Gúúsù Áfíríkà, odò olókùúta tó bá ní ju 8 lọ, wọ́n kà á sí èyí tí ọwọ́ èèyàn kò tí ì bà jẹ́. Èyí tí kò bá tó 5, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára gidi. Ẹ má gbé ìwọ̀n yẹn ka odò tiwa lórí bí òfin. Odò tiwọn ni wọ́n fi ṣe é, mo sì ti sọ ti stonefly. Àlàfo tó wà láàárín 6.25 àti 3 ni kí ẹ dì mú, torí odò kan náà ni, ọjọ́ kan náà, àwọ̀n kan náà.

Ẹ tún wo iye ẹ̀yà, kì í ṣe ìpíndọ́gba nìkan. Tí ẹ bá rí mayfly kan àti akàn kan péré, 11 àti 6, ẹ pín in sí méjì, 8.5 ni. Nọ́ńbà yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n odò tó ku ẹ̀yà méjì kì í ṣe odò tí ara rẹ̀ dá.

Ohun tí èsì lè máa sọ

Ìdọ̀tí odò ẹran àti ṣáláńgá máa ń fi ìdin pupa àti ekòló sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, àwọn yòókù á lọ. Àdúrà ni a máa ń fi ojú oró gbà, pé òun ní í lékè omi. Létí odò tí irú ìdọ̀tí yìí ń wọ̀, àdúrà náà máa ń gbà ju bó ṣe yẹ lọ, á bo gbogbo ojú omi pátá.

Májèlé yàtọ̀. Oògùn apakòkòrò oko, tàbí èyí tí àwọn kan ń dà sómi láti fi pẹja, lè pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, omi á sì mọ́ gaara bíi dígí. Omi tó mọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kódà ìdin pupa, ó ń dẹ́rù bà mí ju omi dúdú lọ.

Ẹrẹ̀ náà ń pani. Níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, erùpẹ̀ ń ṣàn wọ àwọn odò, Ọ̀ṣun náà sì pọ́n nítorí rẹ̀. Yàtọ̀ sí kẹ́míkà tó bá wà nínú rẹ̀, erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dí ihò abẹ́ òkúta, ó ń bo abẹ̀bẹ̀ mayfly mọ́lẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti ṣí òkúta níbẹ̀: tó bá jẹ́ pé ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lẹ̀, kò sí yàrá mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àkọsílẹ̀, àti ẹni tí ẹ óò mú un lọ bá

Ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ odò, ibi tí fóònù ní ẹ wà, bí omi ṣe rí, bó ṣe ń rùn, ọjọ́ tí òjò rọ̀ kẹ́yìn, àti ẹ̀yà tí ẹ rí. Ẹ ya fọ́tò ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú orí pẹ́ńsù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹlòmíì lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí ẹ tún lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo, ariyanjiyan ló máa ń dá sílẹ̀.

Tí àlàfo náà bá dúró bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ mú ìwé yín lọ bá àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká, tàbí NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007. Kí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà lójú ìwé kan náà. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ pé òun ló jẹ̀bi. Kòkòrò lè sọ ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, kò lè sọ ẹni tó dá a. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní òfin lọ́wọ́ bu omi ibẹ̀ lóru.

Ní ti àwọn tó wà nínú abọ́, ẹ rọra dà wọ́n padà síbi tí ẹ ti mú wọn, ti òkè sí òkè, ti ìsàlẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ fọ àwọ̀n àti bàtà, kí ẹ sá wọn sóòrùn títí wọ́n fi gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé wọn dé odò míì, torí ẹyin ìṣáwùrú máa ń lẹ̀ mọ́ igun nẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe gbogbo odò ló ti ní àtọ̀sí ajá.